Abẹ́rẹ́ Mítà Dúró Lórí Mẹ́sàn-án

Mùíbì ni orúkọ baálé mi. Ní ọjọ́ ayé rẹ̀, n kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Sùlàímọ́nù ni mò ń pè é, "ẹ" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀, kódà lọ́jọ́ tí a bá ń jà, ọjọ́ ìjà wa kò sì kéré. Ní báyìí tó ti lọ, tí èmi Ràfíátù náà ti di arúgbó, màá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó bá ṣe bọ́ sí mi lẹ́nu. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ fẹjọ́ mi sùn ún níbi tó wà.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Rédíò ló ń tún ṣe ní Ẹ̀jìgbò, inú ìsọ̀ kan náà ni a sì jọ wà lójú ọ̀nà Ìsúndúnrìn: èmi lápá ọ̀tún pẹ̀lú màṣíìnì ìránṣọ mi tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, òun lápá òsì láàárín àwọn rédíò tó tú palẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n ń kun. Iná ẹ̀lẹ́tíríìkì kò tí ì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, bátìrì ló ń gbé rédíò. Irin tó fi ń jó òjé, inú ẹyin iná ló máa ń kì í bọ̀ títí yóò fi pọ́n, èmi ni yóò sì máa pè pé kí n wá bá òun fẹ́ iná. Tí mo bá ní ọwọ́ mi dí, á ní ṣé òun kọ́ ni òun ra màṣíìnì tó dí mi lọ́wọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ irọ́ ni, bàbá mi ló rà á fún mi.

Yàtọ̀ sí rédíò, àwọn ọmọ eléré máa ń gbé jìtá oníná wá bá a láti Ìwó, láti Ògbómọ̀ṣọ́, kódà láti Òṣogbo. Ohun kan wà lábẹ́ okùn jìtá oníná, òun ló ń gbọ́ bí okùn ṣe ń gbọ̀n, tó sì ń gbé e lọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Etí jìtá ni a ń pè é ní ìsọ̀ wa. Òòfà ló wà nínú rẹ̀, wáyà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni wọ́n sì wé mọ́ ọn lára ní àìmọye ìgbà. Àwọn ọmọ náà a máa jiyàn lé e lórí, ọ̀kan á ní ti Jámánì ni, èkejì á ní rárá, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Baálé mi á ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n jẹ́ ká bi òun fúnra rẹ̀. Á gbé mítà, ẹ̀rọ kékeré tó fi ń wọn wáyà, á fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, pupa àti dúdú, kan wáyà méjì tó ti inú etí náà jáde, abẹ́rẹ́ á sì gbéra, á lọ dúró sórí nọ́ńbà kan. Wáyà tó bá gùn tó sì tín-ín-rín, nọ́ńbà rẹ̀ á ga. Èyí tó bá kúrú, nọ́ńbà rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ kò bá gbéra rárá, wáyà ti já nìyẹn.

Àmọ́ kì í dúró síbẹ̀. Ó ní ẹni méjì lè ga dọ́gba kí wọ́n má jẹ́ ọmọ ìyá. Nítorí náà á dojú etí náà dé, á wo àwọ̀ wáyà rẹ̀, á wo ohun tí wọ́n fi dì í, á wo bí ẹni tó jó òjé sí i ṣe kán an sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wo ilà ojú ẹni ká tó mọ ìlú rẹ̀. Ìgbà náà ló máa tó sọ̀rọ̀, tó bá sì ti sọ ọ́, ó parí. Ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ràn láti máa sọ. Á ní mítà kì í purọ́, ẹni tó mú un lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi rín. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá bá wa nílé.

Olújídé ni ọmọ tó kó wa sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá rẹ̀, Damaris, ń gbé òdìkejì títì wa. Opó ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, gàrí ló ń ṣe tà. Ọmọ méjì péré ló ní, Joanna tó jẹ́ àgbà, àti Jídé. Ìyá Jídé kì í pariwo, kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe aáwọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ọ̀rọ̀ Jídé, ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Jídé sùn dáadáa, ìyá rẹ̀ á wá sọ fún wa. Jídé jẹun yó, a máa gbọ́. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tí Jídé bá sín, kí wọ́n wá lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní kí n máa ṣe é lọ, pé mo máa bí tèmi.

Ní ọdún 1962, Jídé ra jìtá pupa kan, àlòkù ará Jámánì, ó ní etí méjì, ọ̀kan nítòsí ọrùn, ọ̀kan nítòsí ìdí. Kò pẹ́ tó rà á ni òjò pa á lóde eré kan ní Másífà, etí tó wà nídìí sì di. Ó gbé e wá. Baálé mi fi mítà kàn án, abẹ́rẹ́ kò mira. Ó tú u, ìdọ̀tí ti jẹ wáyà inú rẹ̀. Ó ní àfi kí òun tún un wé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló máa fi wé e? Màṣíìnì mi ló ń wò. Mo ní èèwọ̀, màṣíìnì tí mo fi ń jẹun. Ó bẹ̀ mí títí, Jídé náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi, mo bá gbà. Ibi tí a ti ń wé òwú sí bọ́bìnì ni ó so etí náà mọ́. Èmi ń fi ọwọ́ yí màṣíìnì, òun ń fi ìka méjì darí wáyà bí ẹni tó ń di ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ mú. Inú tíráńsífọ́mà kan tó ti jóná ló ti tú wáyà náà, ó sì dúdú rẹ́súrẹ́sú. A kò tí ì dé ìdajì tó fi tán. Ó wá èyí tó pupa fòò nínú òmíràn, ó so ó mọ́ ti àkọ́kọ́, a sì ń bá a lọ. Nígbà tó kún, ó ní kí n tètè fún òun ní ohun tí òun máa fi dì í kó má baà tú. Aṣọ elése àlùkò tí Ìyá Jídé fẹ́ fi ṣe ọdún Àjíǹde ló wà lórí màṣíìnì mi lọ́jọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ra òwú rẹ̀ ní Ìbàdàn, torí kò sí ẹni tó ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ẹ̀jìgbò. Mo gé nínú òwú náà, mo fi dì í yí ká, baálé mi sì kán àbẹ́là sí i.

Bí ó ṣe ń fi mítà kàn án ni Ìyá Jídé wọlé láti wá wo aṣọ rẹ̀. Baálé mi ní kó wá wò ó. Ìyá náà kò mọ̀wé púpọ̀, àmọ́ kò sí nọ́ńbà orin tí wọ́n lè kọ sára pátákó ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní mọ̀. Ó tẹ̀ ba mítà, ó wò ó. Ó ní, "Mẹ́sàn-án ni."

"Mẹ́sàn-án ni, Màmá," ni baálé mi wí. "Èyí tí wọ́n ṣe láti òkè òkun, mẹ́fà ni. Ibi yòówù tí ẹ bá ti rí jìtá tó ní mẹ́fà lọ́rùn, mẹ́sàn-án nídìí, Jídé ló ni ín."

Inú ìyá náà dùn, ó ti mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ní ohun tí ọmọ ẹlòmíràn kò ní. Ó ń sọ ọ́ kiri àdúgbò pé etí jìtá ọmọ òun, mẹ́sàn-án ni. Àwọn tó ń sọ ọ́ fún kò mọ ohun tó ń wí, wọ́n ṣáà ń bá a yọ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Jídé gbé jìtá rẹ̀, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kàsímù lọ sí Àbíjàn. Kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Ilé wo ló wà ní Ẹ̀jìgbò tí kò ní èèyàn ní Kódífuà? Ọjà ni Kàsímù ń tà níbẹ̀, Jídé sì ń bá wọn lu jìtá lóde ijó. Bí mọ́tò bá ń lọ, Ìyá Jídé á fi gàrí àti ọṣẹ ránṣẹ́. Bí mọ́tò bá ń bọ̀, Jídé á fi aṣọ ránṣẹ́ sí i, á ní kí wọ́n sọ fún ìyá òun pé etí mẹ́sàn-án ṣì ń gbọ́rọ̀. Ìyá náà á rékọjá títì wá jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún baálé mi, inú tiwọn méjèèjì á sì máa dùn.

Àfi bí iṣẹ́ tí Jídé ń rán ṣe dáwọ́ dúró. Ogun ti bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín lọ́dún 1967 yẹn, gbogbo ayé ń gbé rédíò wá kí wọ́n lè gbọ́ ìròyìn, ìròyìn tí Ìyá Jídé ń retí kò sí lórí rédíò. Mọ́tò Kódífuà dé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ohunkóhun láti ọ̀dọ̀ Jídé. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan tó ti ọ̀hún dé sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ ní ìdí kànga pé òun gbọ́ pé mọ́tò eléré kan dà nù lọ́nà Bùàké, pé ọmọ Ẹ̀jìgbò kan tó ń lu jìtá bá a lọ. Ẹyin lohùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé etí Ìyá Jídé. Ó bi obìnrin náà, ìyẹn ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyá yìí kò ti lè jẹun dáadáa mọ́. Kò sunkún, torí kò sí ẹni tó sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kú. Kò lè rẹ́rìn-ín, torí kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó wà láàyè. Kí ọ̀kan ṣáà jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì ló ń wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí tí Kàsímù fi dé, apá rẹ̀ kan tẹ̀ kọrọdọ bí ẹni tí wọ́n to eegun rẹ̀. Ó gbé jìtá dúdú kan wá sí ìsọ̀ wa. Ó ń fi èdè Faransé lú ọ̀rọ̀ rẹ̀, gbogbo gbólóhùn ló ń fi "sàfà", ìyẹn "ó dára" lédè wọn, gbè. Ó ní òun ra jìtá náà lọ́wọ́ ọmọ Gánà kan ní Tirẹ́ṣífíìlì, àdúgbò kan ní Àbíjàn, pé etí rẹ̀ kan ń gbọ́, ọ̀kan kò gbọ́, kí ẹ̀gbọ́n bá òun tún un ṣe.

Ọ̀dà dúdú náà ṣì ń rùn. Baálé mi fi mítà kan etí ọrùn, ó ka mẹ́fà. Ó fi kan etí ìdí, abẹ́rẹ́ kò mira. Ó tú ìdérí etí náà, ó dojú rẹ̀ dé. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní kí n wá. Mo wò ó, mo rí wáyà dúdú rẹ́súrẹ́sú nísàlẹ̀, èyí tó pupa fòò lórí rẹ̀, ó wú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí a ṣe wé e. Mo rí òwú mi. Eruku ti bò ó, mo sì fi itọ́ nù ún, ó jáde ní elése àlùkò.

Baálé mi fi abẹ ha wáyà níbi tó ti já lẹ́nu, ó tún fi mítà kàn án níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbéra, ó lọ dúró lórí mẹ́sàn-án. Ó bi Kàsímù lẹ́ẹ̀kan sí i pé lọ́wọ́ ta ló ti ra jìtá yìí. Kàsímù tún dárúkọ ọmọ Gánà. Baálé mi ní, "Kàsímù, òwú ìyàwó mi ló wà lára rẹ̀."

Ọmọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ìdí kànga. Mọ́tò náà gbókìtì, Jídé kú lójú ẹsẹ̀, òun tó wà nínú mọ́tò kan náà kán lápá, inú ọsibítù ni òun wà tí wọ́n fi sin ọ̀rẹ́ òun. Àwọn àgbà Ẹ̀jìgbò tó wà ní Àbíjàn ní kó má sọ fún ìyá, pé a kì í déédéé túfọ̀ ọmọ fún abiyamọ, pé àwọn máa rán àgbààgbà wá. Pàápàá, Joanna lóyún ní ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìsúndúnrìn, oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí. Wọ́n ní kó bímọ ná. Jìtá náà bó lára nínú ìjàǹbá, Kàsímù bá kùn ún ní dúdú kí ìyá má baà dá a mọ̀. Ó fẹ́ kí etí rẹ̀ tún máa gbọ́, kó lè jẹ́ pé ní ọjọ́ tí wọ́n bá túfọ̀, ohun tó pé ni wọ́n máa gbé fún ìyá, kì í ṣe àfọ́kù. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí títí dónìí. Ọmọ náà kò ní ìkà nínú.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ sọ fún ìyá náà kíá. Baálé mi ní ẹnu òun kọ́ ni ìyá máa ti gbọ́ ọ. Mo ní ṣé ẹ kò rí bí ó ṣe ń gbẹ ni. Ó ní àgbà ń bọ̀. Àgbà, àgbà! Àgbà wà ní Àbíjàn, àwa la wà lódìkejì títì ẹni tí kò lè jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Jídé ló rékọjá títì wá fúnra rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé Kàsímù gbé jìtá dé. Ó kí wa, ó dúró níwájú jìtá dúdú náà, ó wò ó títí. Ó ní ti Jídé pupa. Ó wá kọjú sí baálé mi.

"Mùíbì, ìwọ lo mọ etí rẹ̀. Fi mítà kàn án kí n rí i. Ohun tó bá sọ ni màá gbà."

Baálé mi mú mítà. Ó fi kan etí ọrùn. Ìyá tẹ̀ ba a, ó kà á sókè, mẹ́fà. Ó ní kó fi kan tìdí. Baálé mi fi kan wáyà méjì tó yọ síta, kò fi kan ibi tó ti ha á lánàá. Ó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kò ní gbéra níbẹ̀, kò sì gbéra.

Ó ní, "Kò sí mẹ́sàn-án níbẹ̀, Màmá. Kì í ṣe ti Jídé."

Ohun gbogbo tí mítà sọ lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni. Ìyá Jídé kúnlẹ̀ lórí àjákù aṣọ nílẹ̀ ìsọ̀ mi, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní Ọlọ́run òun ṣeun. Ó fọwọ́ gbá baálé mi lẹ́yìn bí ọmọ, ó ń súre fún un pé kò ní sunkún ọmọ. Sùlàímọ́nù wa wà nílé ẹ̀kọ́ lásìkò yẹn. Nígbà tó lọ tán, mo bá baálé mi jà débi tí mo fi ká iṣẹ́ mi kúrò nílẹ̀, mo sì padà sílé. Ó kàn ń wí pé kí n fi òun sílẹ̀, pé ó sàn kó jẹun fún ọjọ́ díẹ̀ ná. Ìyá náà sì jẹun lóòótọ́. Mo gbóòórùn ọbẹ̀ rẹ̀ láti òdìkejì títì, mo sì ń sunkún nídìí ààrò tèmi.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Àwa Mùsùlùmí kì í ti ìsọ̀ lọ́jọ́ náà. Baálé mi tú etí náà síta, ó ń wá bó ṣe máa so wáyà tó já kí Kàsímù lè gbé jìtá náà pa mọ́. Ó wà lórí tábìlì rẹ̀, òwú náà hàn gbangba. Èmi ń ránṣọ, n kò bá a sọ̀rọ̀. Àwa méjèèjì kò gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá náà títí ó fi wọlé. Aṣọ elése àlùkò rẹ̀ ló wọ̀, èyí tí mo rán fún un lọ́jọ́ sí, kò sì wọ̀ ọ́ láti ìgbà tí Jídé ti dákẹ́. Ó gbé abọ́ ìrẹsì àti itan adìyẹ kan lọ́wọ́. Ó ní ìpín Mùíbì nìyí, pé òun ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, òun jáde síwájú ìjọ, òun dúpẹ́ pé wọ́n ní ọmọ òun kú, irọ́ ni.

Ibi tó fẹ́ gbé abọ́ náà sí lórí tábìlì ló wò. Ó gbé abọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó fi ìka kan òwú náà. Ó gbé etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó ṣí ìṣẹ́tí rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ojú rírán mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú ara etí jìtá, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Baálé mi ti dìde.

"Mùíbì, fi mítà kan èyí."

Kò mú un. Ìyá kò bú u, kò pariwo, ó kàn dúró. Èmi ni mo dìde. Mo ti rí i tó ń ṣe é láìmọye ìgbà. Mo fi ẹsẹ̀ pupa kan ẹnu wáyà tó ha, mo fi dúdú kan èkejì. Abẹ́rẹ́ gbéra, ó lọ síbi tó ń lọ.

Ìyá Jídé kà á fúnra rẹ̀. Ó ní, "Mẹ́sàn-án."

Kò ṣubú. Ó fa àga mi, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí baálé mi gbé lọ sí sàréè, kò sọ ọ́ bí ẹni tí inú ń bí, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bi ni léèrè. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n jáde síwájú gbogbo ìjọ lọ dúpẹ́ ikú ọmọ mi?"

Baálé mi dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀, kò lè dìde. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a, tiwa kò tilẹ̀ lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ìyá náà kò jẹ́ kó dùbúlẹ̀ pẹ́. Ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní kó dìde kó lọ pe Kàsímù wá. Ẹ̀yìn ìgbà tí Kàsímù dé tó sì rò ó tán ni ẹkún tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó parí rẹ̀. Joanna tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù fún, òun ló wá láti Ìsúndúnrìn wá di ìyá rẹ̀ mú, oyún kò sì bàjẹ́. Ó bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Rose. Àwọn àgbà Àbíjàn dé nígbà tí ọ̀fọ̀ ti tutù, wọ́n ní àwọn fẹ́ túfọ̀. Mo fún wọn lómi mu, n kò fún wọn ní nǹkan mìíràn. Ní ti baálé mi, ó ń tún rédíò ṣe títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, kò gba jìtá mọ́. Bí àwọn eléré bá gbé e wá, á júwe Òṣogbo fún wọn. Bí mo bá sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe ohun kékeré bí iye aago tó lù, á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ kó tó dá mi lóhùn. Ìyá Jídé kò yàn án lódì. Ó ń kí i láràárọ̀ láti òdìkejì títì. Bóyá kí ó tilẹ̀ bú u ni ìbá sàn fún un.

Ọjọ́ tí Kàsímù rò ó tán yẹn, nígbà tí ẹkún lọ sílẹ̀, ìyá náà ní kó gbé irun Jídé fún òun, àti èékánná rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbí bí ẹni wa bá kú sí àjò: wọ́n á gé irun rẹ̀, wọ́n á gé èékánná rẹ̀, wọ́n á gbé e wálé kí a lè rí nǹkan sin. Kàsímù dojú kọlẹ̀. Apá rẹ̀ ni wọ́n ń tò ní ọsibítù, àwọn tó sin òkú kò rántí, ẹnikẹ́ni kò gé nǹkan kan. Jìtá nìkan ló mú bọ̀, ó sì ti fi ọ̀dà kun gbogbo ara rẹ̀, kò sí ibì kan tí ọwọ́ Jídé kàn tó ṣì hàn.

Ìyá náà wá na ọwọ́ sí tábìlì, ó mú etí jìtá náà. Ó ní èyí gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọ òun ṣe títí dé òpin, kí a sin ín dípò irun àti èékánná rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, baálé mi ló gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá Jídé, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ọkọ́. Alàgbà ìjọ wọn gbàdúrà. Ìyá tú etí náà nínú ìnujú, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnu òwú ti ń tú níbi tí a ti fi abẹ kàn án. Ó yíjú sí mi.

"Ràfíátù, ṣé òwú yẹn kù?"

Ó kù. Láti ọdún 1962 ló ti wà nínú àpótí mi, torí kò sí aṣọ mìíràn tó bá a mu. Mo sáré lọ mú un wá. Ìyá Jídé di etí náà mú fún mi láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, mo sì ń wé òwú mọ́ ọn, mo ń wé e, kò sí ẹni tó ní kó tó, títí tí òwú fi tán lára igi rẹ̀.